Ọdún Tí Ilẹ̀ Gbóná ní Ẹbu Amọ̀kòkò Ìsàn

Ará Ìrè ni mí, Ìsàn ni wọ́n gbé mi níyàwó lọ. Nílé wa ní Ìrè, iṣẹ́ irin ni mo gbọ́njú mọ̀. Ariwo ọmọ owú ló ń jí wa láàárọ̀. Ní Ìsàn, amọ̀ ni iṣẹ́, àwọn obìnrin ló sì ni ín. Ìyàwó tó bá wọ ìlú náà tí kò mọ bí a ṣe ń mọ ìkòkò, dandan ni kó kọ́ ọ. Ọdún kan gbáko ni gbogbo ìṣaasùn tí mo mọ fi ń wọ́ ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí eyín ń dùn, kí ọwọ́ mi tó wá mọ́ ọn.

Ìyá ọkọ mi ti kú kí n tó wọ ilé wọn. Ọkọ mi náà kò pẹ́ nílé lẹ́yìn tí mo bí ọmọbìnrin wa. Ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ kòkó lápá Òǹdó. Ìgbà tí ogun àwọn òyìnbó ń lọ lọ́wọ́ ni, tí iyọ̀ wọ́n bí ojú, tí ọbẹ̀ gbogbo ilé tẹ́ lẹ́nu. Èmi àti ọmọ mi nìkan ló kù nínú yàrá wa. Ohun tí mo bá rí nínú ẹbu ni a ń jẹ.

Ẹbu ni a ń pe ibi tí a ti ń mọ ìkòkò. Tiwa jẹ́ àtíbàbà ńlá kan tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, lọ́nà odò. Obìnrin mẹ́sàn-án ni wá níbẹ̀. A jọ ń lọ wa amọ̀, a jọ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a jọ ń sun ìkòkò lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí kò bá ní ìkòkò nínú iná lọ́jọ́ ìsun, kò ní ohun tí yóò rù lọ sọ́jà Ọyẹ́ nìyẹn.

Yèyé ẹbu ni a ń pe olórí wa. Ó ti dàgbà gan-an nígbà náà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àrùn tí a kì í dárúkọ yẹn ti ṣe é rí. Ojú rẹ̀ rí kótokòto bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sí, ojú òsì rẹ̀ sì ti fọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, ẹ̀rù bà mí. Nígbà tó di pé ó di ọwọ́ mi mú, tó fi ìka rẹ̀ lé ìka mi láti fi hàn mí bí a ṣe ń fa ẹnu ìkòkò, n kò rí ojú náà mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi ló ń jókòó lápá ọ̀tún mi. Ọmọ Ìkọ̀lé ni, ìyàwó ilé bíi tèmi, kò tíì bímọ. Ẹ̀rín kì í jìnnà sí i lẹ́nu. Wọ́n máa ń sọ pé òun ló rẹwà jù nínú gbogbo ìyàwó àdúgbò wa. Òun náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò fi ṣe ìgbéraga. Bí ọmọ mi bá ń dí mi lọ́wọ́, òun ló máa ń gbà á pọ̀n, táá máa mọ ìkòkò tirẹ̀ lọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé "Yèyé" ló ń pe àwa méjèèjì.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó tẹ̀ síwájú. Ní ọdún tó ṣáájú, àwọn wolé-wolé kó àwọn abupá, àwọn tó ń fi abẹ sín apá kí àrùn yẹn má baà múni, wá sí Ìsàn. Èmi fúnra mi ti bupá nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìrè. Àpá rẹ̀ wà lápá òsì mi títí di òní. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, mo gbé ọmọ mi, mo sá lọ sóko. Àwọn obìnrin ń sọ pé ọmọ tí wọ́n bá fi abẹ kàn, ibà á mú un, kò ní sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ọdún kan ni, eyín ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kí n jẹ́ kó gbó díẹ̀ sí i. Inú ahéré ni mo wà títí wọ́n fi lọ. Ọ̀rẹ́ mi bá mi sá. Òun kò tíì bupá rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù abẹ ló lé e. Ó ní kò yẹ kí n dá wà nínú oko.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, a gbọ́ pé ilẹ̀ ti gbóná lápá Ìdó. Bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ ọ́, a kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ọ ní Ọyẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbọ́ pé ó ti wọ agboolé kan ní ìsàlẹ̀ ìlú wa, Yèyé ẹbu kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan amọ̀. Ó ní kí gbogbo wa dúró sí gbangba, kí a gbọ́rọ̀.

"Láti òní lọ, kò sí igbá omi àjùmọ̀mu mọ́ nínú ẹbu yìí. Kí oníkálùkù mú igbá tirẹ̀ wá láti ulé. Ẹ sún ìjókòó yín. Kí àyè ẹni méjì wà láàárín ẹnì kan àti èkejì. Ẹ má fi àkísà ara yín dán ìkòkò. Àwọn alájàpá kò gbọdọ̀ wọlé wá; a ó gbé ọjà sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí wọ́n dúró lókèèrè ná an. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tí ara ẹnikẹ́ni gbóná nínú yàrá rẹ̀, kó jókòó sí ulé. Kó má wá. Mo bẹ̀ yín."

Ẹnì kan bi í pé, "Yèyé, títí di ìgbà wo?"

"Títí èépá yóò fi já tán lára, tí ulé yóò fi tutù."

Òfin tó dára ni. Gbogbo wa dáhùn pé a gbọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ẹni tó bá jókòó sílé yóò máa jẹ.

Kò ju bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ọmọ mi jí pẹ̀lú ara gbígbóná. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, mo tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, bí ẹni pé ẹ̀yìn ọwọ́ yóò sọ ohun mìíràn fún mi. Mo sọ fún ara mi pé eyín ni. Ọjọ́ ìsun ti sún mọ́lé. Mo ní àmù ńlá méjì lọ́wọ́ tí n kò tíì mọ ọrùn wọn. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á gbẹ, wọ́n á sì là. Elùbọ́ ilé sì ti tán, àfi èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí agbọ̀n. Mo fi omi tútù wẹ ọmọ náà, mo fi òrí pa á lára, mo pọ̀n ọ́n, mo lọ.

Nígbà tí a dé ẹbu, ó kọ̀, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ń ké, ó ń di ọrùn mi mú. Ọ̀rẹ́ mi pè mí láti ibi tó jókòó sí.

"Gbé e wá."

"Yèyé ní ká jìnnà síra wa."

"Èwo ni jíjìnnà lọ́rọ̀ ọmọ yìí? Gbé e wá, kí o ráyè mọ ọrùn àmù rẹ."

Mo gbé e fún un. Mo rí i tó dì í sẹ́yìn, tó fa ọ̀já. Ó dá ọwọ́ dúró díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe, lẹ́yìn náà ó so ọ̀já náà le, ó sì jókòó sídìí amọ̀ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà kò sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni tí Yèyé ẹbu wá dúró lé mi lórí.

"Kí ló dé tí ọmọ yìí kò sunkún lónìí?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú u lẹ́yìn mi, ó gbé e lọ síbi tí oòrùn ti wọlé. Ó la ẹnu rẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ó wo iwájú orí rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n ó fi wo ọmọ náà pẹ́.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ kẹta rèé, Yèyé."

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ń retí kó pariwo lé mi lórí, kí àwọn yòókù gbè é. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tú ìborùn ara rẹ̀, ó fi wé ọmọ náà, ó sì yíjú sí àwọn tó kù.

"Ẹ lọ sódò, ẹ wẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ fọ aṣọ yín. Ẹ má padà síbí. Kí oníkálùkù máa ṣe uṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ara rẹ̀ títí n ó fi ránṣẹ́ pè yín. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Èyí kì í múni lẹ́ẹ̀mejì láyé. Ó ti mú mi tán."

Òun ló gbé ọmọ mi délé. Èmi ń tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n mú lólè. Lójú ọ̀nà ló bi mí.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Yèyé, elùbọ́ ti tán nílé. Mo rò pé bí mo bá jókòó sílé, ìjókòó mi yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn."

Ó gbé ọmọ náà títí a fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Ibẹ̀ ló ti dúró.

"Ẹ̀bi mi ni. Mo sọ fún yín pé kí ẹ jókòó sí ulé. N kò sọ bí ẹ ó ṣe máa jẹun níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo bú sẹ́kún. Ó ní kí n lọ gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá.

Orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù ni a tẹ́ ọmọ náà sí, nítorí ẹní ti di ìyà fún ara rẹ̀. A fi àkísà rírọ̀ wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kó má baà ya ara rẹ̀. A ń po ẹ̀kọ tútù fún un ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, a sì ń fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ wẹ ojú rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń dùn ún, ó ń pọ ẹ̀kọ náà jáde. Yèyé á nù ún, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá mú, tí ìlú dákẹ́ rọ́rọ́, ó máa ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ náà lẹ́tí, kì í ṣe ọ̀fọ̀, kì í ṣe orin. Ó kàn ń ka orúkọ gbogbo oríṣi ìkòkò tí wọ́n jọ máa mọ nígbà tó bá dìde.

Ọ̀sán kan ló sọ ìtàn tirẹ̀ fún mi. Nígbà tí àrùn náà mú òun, inú ìgbẹ́ ni wọ́n gbé òun lọ, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà. Ìyá rẹ̀ a máa gbé oúnjẹ wá sí abẹ́ igi kan lójoojúmọ́, a ké pè é, ọmọ a sì rá lọ gbé e lẹ́yìn tí ìyá bá ti kúrò. Ó di ọjọ́ kan, kò gbọ́ igbe ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò gbọ́. Ìbẹ́pẹ dúdú ló jẹ títí ó fi lè rìn délé, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ pé wọ́n ti sin ìyá òun.

"Kì í ṣe àìsàn náà ló ń bà mí lẹ́rù títí di òní," ni ó wí, ó ń nu ẹnu ọmọ mi. "Kí ènìyàn wà níbì kan, kó máa retí ẹni tí kò wá, ìyẹn ni mi ò fẹ́ mọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan lórí òkúta tó wà níwájú àgbàlá wa láàárọ̀: iṣu, ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti já, ẹ̀kọ nínú ewé, ìdì igi kan. Lọ́jọ́ kan, iyọ̀ wà níbẹ̀, tí wọ́n pọ́n sínú ewé, kò ju ohun tí ìka mẹ́ta lè bù lọ. Mo mọ ohun tí iyọ̀ jẹ́ lọ́dún náà. Yèyé ti ránṣẹ́ sí oníkálùkù lẹ́yìnkùlé rẹ̀ pé òfin òun kò pé, òun fẹ́ fi kún un: ẹni tí àìsàn bá dá sílé, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbà á, àti pé kí gbogbo àwọn tí ara wọn le mọ ìkòkò kọ̀ọ̀kan fún un kí wọ́n tó mọ tiwọn. Àwọn kan ti gbé àmù mi méjèèjì lọ, wọ́n mọ ọrùn wọn, wọ́n sun wọ́n. Ọ̀kan là nínú iná. Ẹni tó sun ún fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kò sọ fún mi. Ọwọ́ tó mọ ọ́n ni mo fi dá a mọ̀.

Ọmọ mi yè. Mo rántí àárọ̀ tó la ojú tó ní, "Yèyé, ebi," àti bí èmi àti ìyá àgbà náà ṣe ń du ṣíbí mọ́ ara wa lọ́wọ́.

Ọjọ́ kejì sí ìyẹn ni wọ́n wá sọ fún Yèyé láti ìta pé ara ọ̀rẹ́ mi gbóná.

Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: pé mo mọ̀ pé ara ọmọ gbóná nígbà tí mo gbé e fún un, àti pé nítorí tèmi ni ọ̀rẹ́ mi fi sá fún abupá. Yèyé gbọ́ ọ tán.

"Ìwọ ti bupá, kò ní mú ọ. N ó dúró ti ọmọ. Lọ bá a."

Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sóko. Ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù, ó jókòó sí ìta, ó gbé igbá omi lé itan, kò lè wọlé. Mo kí i, mo gba omi náà, mo wọlé. Ọ̀rẹ́ mi ti wú lójú débi pé bí kì í bá ṣe ilé rẹ̀ ni, n kò ní mọ̀ pé òun ni. Mo tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo kán omi sí i lẹ́nu. Nígbà tí mo rí i pé ó mọ̀ mí, n kò lè mú un mọ́ra.

"Ọ̀rẹ́, èmi ni mo kó o ràn ọ́. Ara ọmọ náà gbóná lọ́jọ́ tí mo gbé e fún ọ. Mo mọ̀."

Ó rọra la ẹnu. Ètè rẹ̀ wúwo.

"Èmi náà mọ̀. Ẹ̀yìn mi ló wà. Ṣé ẹ̀yìn kì í mọ ooru ni?"

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Bí mo bá sọ, wọ́n á ní kí o máa lọ. Àmù rẹ méjèèjì kò sì tíì lọ́rùn."

Mo gbé orí lé etí ẹní rẹ̀, mo ń sunkún. Ó ní, "Má sunkún sí mi lára. Omi ojú rẹ ń ta mí."

N kò lè ka iye ìgbà tí mo pààrọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tó ń pè mí ní orúkọ ìyá rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, mo sì ń dá a lóhùn. Nígbà tí ọmọ mi lè rìn, Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀ náà. Ojú ọ̀rẹ́ mi ló gbájú mọ́ jù. Ó ń fi òwú rírẹ sínú omi nù ún kí ìpéǹpéjú má baà lẹ̀ mọ́ra.

Ọ̀rẹ́ mi bi í lọ́jọ́ kan pé, "Yèyé, ṣé ojú mi yóò rí bíi tiyín?"

Mo gbé ojú sílẹ̀. Yèyé kò purọ́ fún un.

"Yóò jọ ọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n méjèèjì ni yóò máa ríran."

Ìlú kò bọ́ lásán. Àwọn ilé kan wà ní ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣílẹ̀kùn wọn mọ́. Nínú àwa mẹ́sàn-án, ẹnì kankan kò kú, àrùn náà kò sì mú ẹlòmíràn. Nígbà tí òjò kejì rọ̀, tí ilé ti tutù, Yèyé ránṣẹ́ pè wá padà sí ẹbu. Ọ̀rẹ́ mi ló dé gbẹ̀yìn. Ó fi ìborùn bo orí títí dé ìdí imú. Ní ìjókòó rẹ̀, ìṣaasùn mẹ́jọ wà tí a mọ dè é, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó dúró tì wọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Ó tú ìborùn náà fúnra rẹ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa," ó ní, "ẹ wò ó tẹ́rùn, kí a lè padà sídìí uṣẹ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn ń sunkún, Yèyé sì ní ta ni yóò lọ pọnmi amọ̀.

N kò ní sọ pé ó rọrùn fún un. Ọkọ rẹ̀ pẹ́ kó tó lè wo ojú rẹ̀ láìkọ́kọ́ wo ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi mọ̀ ọ́n, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi èmi. Ṣùgbọ́n ọkọ náà kò lọ. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà.

Nígbà tí àwọn abupá tún padà wá, ọ̀rẹ́ mi ló lọ bá wọn ní ibi tí wọ́n wọ̀ sí, tó ní òun yóò máa mú wọn dé ojúlé. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òun kò dúró kí ẹnikẹ́ni fi òun kọ́gbọ́n, ó ń gbé ọgbọ́n náà lọ bá wọn. Èmi náà tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, a dúró níta, a ń kí wọn títí wọ́n á fi ṣí i.

Ní abúlé oko kan lọ́nà Ọyẹ́, a bá obìnrin kékeré kan tó gbé ọmọ sá sínú ahéré. Ó ti fi agbọ̀n dí ẹnu ọ̀nà. Abupá fẹ́ pè é jáde, ọ̀rẹ́ mi ní kó lọ dúró lábẹ́ igi obì lọ́ọ̀ọ́kán. Òun jókòó sílẹ̀ níwájú ahéré náà, ó ní kí ọmọ ìyá òun ṣàánú òun ní omi mímu. Ó pẹ́ kí agbọ̀n náà tó sún. Obìnrin náà na igbá omi jáde, ó rí ojú ọ̀rẹ́ mi, ó sì wo àwọn àpá náà.

"Ṣé abẹ náà máa ń dun ọmọ gan-an?" ni ó bi í.

"Ó máa ń dùn ún. Ara rẹ̀ á gbóná fún ọjọ́ méjì, yóò máa ké, ìwọ náà á máa ké. Èmi àti ẹni tí mo bá wá yìí sá bíi tìrẹ. A mọ ohun tó ń ṣe ọ́."

Obìnrin náà wò mí. Mo mi orí. Ó wọlé, ó gbé ọmọ rẹ̀ jáde, ọmọkùnrin kan tó sanra, ó sì dì í mú títí abupá fi ṣe é tán. Ọmọ náà ké bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pa á. Ìyá rẹ̀ ké pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó fún wa ní iṣu méjì. Abupá gbé àpótí rẹ̀, èmi ru iṣu kan, ọ̀rẹ́ mi ru èkejì, ó sì ń ráhùn títí a fi dé Ìsàn pé èyí tí mo fún òun ló wúwo jù.